Land Rover Àtijọ́: Ibi Tó Ti Wá àti Ohun Tó Ń Mú Un Pẹ́

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ Land Rover ìjọ tó dúró sẹ́yìn ilé pásítọ̀ yóò dé iwájú ìpàdé wa ní ìparí oṣù yìí. Àwọn kan ní ká pe àwọn baban bola kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n bí irin àlòkù, ká fi owó rẹ̀ kún owó bọ́ọ̀sì. Àwọn àgbà kan ní rárá o, ẹni tó ṣì ń mí ni, ẹ má tíì gbẹ́ sàréè. Mi ò ní sọ bí ẹ óò ṣe dìbò. Àmọ́ kí èèyàn tó ta nǹkan, ó yẹ kó mọ ohun tó ń tà, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n sọ ìtàn irú ọkọ̀ yìí fún yín.

Ọ̀dọ̀ Jíìpù ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1940, nígbà tí ogun ti ń jà ní Yúróòpù, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń wá ọkọ̀ kékeré tí yóò lè gba inú ẹrẹ̀ àti orí òkúta, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jọ máa fà á. Wọ́n kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ 135, ọjọ́ 49 péré ni wọ́n sì fún wọn láti gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ wá. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Bantam ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ tán, àmọ́ Willys àti Ford ni wọ́n gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà fún. Kí ogun tó parí ní 1945, Jíìpù tí wọ́n ti ṣe ju 600,000 lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ò nílò wọn mọ́, àwọn àgbẹ̀ ń rà wọ́n.

Ẹnì kan tó ń lo Jíìpù àlòkù lóko ni Maurice Wilks, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ Rover ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oko rẹ̀ wà ní erékùṣù Anglesey, ní Wales. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Spencer Wilks, tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá ní Rover, bi í léèrè ohun tí yóò ṣe bí Jíìpù náà bá kú. Ó ní òun á ra Jíìpù mìíràn ni, kò kúkú sí irú rẹ̀ lọ́jà. Ọkọ̀ tuntun jáde látinú ọ̀rọ̀ yẹn. Ní 1947, orí iyanrìn etí òkun ni Maurice ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ ya àwòrán rẹ̀. Ṣáàsì Jíìpù gan-an ni wọ́n fi to èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 1948, wọ́n gbé Land Rover síta fún aráyé rí níbi àfihàn ọkọ̀ ní Amsterdam.

Ibi tó wù mí jù nínú ìtàn yìí rèé. Rover kì í ṣe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ oko rárá. Ọkọ̀ àwọn dókítà àti lọ́yà ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ lẹ́yìn ogun, irin wọ́n bí ojú. Ìjọba ló ń pín in, ilé iṣẹ́ tó bá sì ń ta ọjà púpọ̀ sókè òkun ló ń rí púpọ̀ gbà. Rover nílò ohun kan tí wọ́n lè tètè tà síta. Èrò wọn ni pé àwọn á ṣe Land Rover fún ọdún méjì sí mẹ́ta, bí nǹkan bá ti rọ̀, àwọn á pa á tì. Nítorí àìtó irin, àdàlù alumíníọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní Birmabright ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Wọ́n ṣe é ní pẹlẹbẹ, igun sí igun, nítorí kò sówó ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ páànù ní kọrọdọ. Ọ̀dà àwọ̀ ewé tó wà lára àwọn àkọ́kọ́, ọ̀dà ọkọ̀ òfurufú ogun tó ṣẹ́ kù ni. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi dí àlàfo ọdún méjì, ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2016 ni èyí tó kẹ́yìn nínú irú rẹ̀ tó jáde ní Solihull. Iye tí wọ́n ti ṣe lápapọ̀ nígbà yẹn ti ju mílíọ̀nù méjì lọ.

Ṣé ẹ rí i, àìní yẹn gan-an ló jẹ́ kí ọkọ̀ yìí ṣeé tún ṣe. Páànù tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni tó bá ní òòlù àti sùúrù lè nà án padà. Bóòtù ni wọ́n fi di èyí tó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi spánà tú u, ẹ gbé ilẹ̀kùn kúrò, ẹ gbé páànù iwájú kúrò, ẹ ti rí ẹ́ńjìnnì níhòòhò. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ tí yóò ní òun kò dá yín mọ̀. Bí bátìrì bá kú, àwọn àtijọ́ ní ihò níwájú tí wọ́n ń ti irin bọ̀, tí wọ́n á fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí yóò fi jí.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Land Rover kì í dógùn-ún. Ara rẹ̀ ni kì í dógùn-ún. Ṣáàsì rẹ̀, irin ni. Irin náà ni ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti dírẹ́bà. Inú ṣáàsì ṣófo bí àpótí gígùn, ẹrẹ̀ àti omi máa ń kó síbẹ̀, ìpáàrà á sì máa jẹ ẹ́ láti inú wá síta. Nígbà tí ojú bá fi máa rí i, ó ti pẹ́ tó ti ń jẹun. Ohun mìíràn tún wà: níbi tí alumíníọ̀mù bá ti fara kan irin, tí omi sì wà láàárín wọn, alumíníọ̀mù náà á máa jẹrà, á di ìyẹ̀fun funfun. Nígbà tí bàbá mẹkáníìkì tó ń bá ìjọ tún un ṣe kọ́kọ́ rí mi tí mò ń nu ara ọkọ̀ náà, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ má wo ojú ẹ̀, ikùn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò."

Bí ẹ bá ń rò pé bóyá ọkọ̀ àgbà ò lè rìn jìnnà mọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1955, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 6 láti yunifásítì Oxford àti Cambridge gbéra ní London pẹ̀lú Land Rover méjì. Wọ́n sọ ọ̀kan ní Oxford, wọ́n sọ èkejì ní Cambridge. Singapore ni wọ́n ń lọ. Wọ́n gba Tọ́kì, Iran àti India, wọ́n sì gba inú igbó wọ Burma, Bọ́mà tí àwọn ọmọ Yorùbá kan ti lọ jagun, lórí títì tí àwọn ọmọ ogun là nígbà ogun tí igbó sì ti ń bò. Ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1956 ni wọ́n dé Singapore. Lẹ́yìn náà, Cambridge já sí ọ̀gbun ní Iran, ó tán síbẹ̀. Oxford bá ara rẹ̀ ní erékùṣù St Helena, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ẹnì kan fi lọ gbé e padà wá sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tún un ṣe. Ní 2019, wọ́n wa Oxford kan náà láti Singapore padà sí London. Tim Slessor, ọ̀kan nínú àwọn 6 ìjọ́sí, ti pé ọmọ ọdún 87, ó sì fẹ́ bá wọn rìn. Àìsàn dá a dúró ní Singapore, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló gba ipò rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ní ìlú tiwa, ta ni kò mọ Landirófà? Ọlọ́pàá lò ó, àwọn oníṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba lò ó, àwọn míṣọ́nnárì náà lò ó. Nígbà kan, wọ́n tilẹ̀ ń to Land Rover pọ̀ ní Ìbàdàn, ní ilé iṣẹ́ Leyland. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni Toyota. Àwọn ará Japan náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1951, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà gun òkè Fuji dé ibi tí ọkọ̀ kankan kò tíì dé rí. Ní 1954 ni wọ́n sọ ọ́ ní Land Cruiser. Ká sòótọ́, ẹ́ńjìnnì Toyota kì í dààmú olówó rẹ̀ tó ti Land Rover. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ tuntun la fẹ́ rà lónìí, Toyota ni màá dìbò fún, kí àwọn olólùfẹ́ Land Rover má bínú sí mi.

Nǹkan méjì ló máa ń pa Land Rover, yàtọ̀ sí ìpáàrà. Àkọ́kọ́ ni àìwo epo. Àwọn èèyàn á wo epo ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ní ó tán. Kò tíì tán o. Epo wà nínú gíà, ó wà nínú gíà kejì tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn, ó wà nínú àkísù iwájú àti tẹ̀yìn, ó sì wà nínú irin roboto méjèèjì tó wà lẹ́yìn táyà iwájú. Ibi 7 nìyẹn, ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti wọ inú odò, kí wọ́n tú àwọn epo wọ̀nyí wò. Bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Èkejì ni ọwọ́ dírẹ́bà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé fọ́ọ̀wíìlì kì í há. Ó ń há, ó kàn jẹ́ pé ibi tó jìnnà sí títì ni yóò há sí. Nínú ọkọ̀ wa, ọ̀pá méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà. Bí ẹ bá tẹ olórí yẹ́lò mọ́lẹ̀, táyà iwájú á bá tẹ̀yìn fà ọ́, eré ò sì dín. Bí ẹ bá fa olórí pupa sẹ́yìn, ọkọ̀ á lọ́ra, agbára rẹ̀ á pọ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì jọ máa fà. Kí ẹ dúró ná kí ẹ tó fà á, kí ẹ sì ti fà á kí ẹ tó wọ ẹrẹ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó há, ó ti pẹ́. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ jẹ́ kí gíà kìíní di ọkọ̀ mú, ẹ má sáré tẹ bíréèkì. Bí ẹ bá sì ti dé orí ọ̀dà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fọ́ọ̀wíìlì, nítorí bí táyà iwájú àti tẹ̀yìn ò bá lè yọ̀ díẹ̀, àwọn irin inú gíà ni yóò máa lọ́ ara wọn. Ọ̀pá irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn kì í pẹ́ dá bí dírẹ́bà bá le. Àmọ́ bí ó bá dá lójú oko, ẹ tẹ olórí yẹ́lò mọ́lẹ̀, táyà iwájú lè fà yín délé.

Ohun tó kù wàyí ni ká mọ̀ bóyá tiwa ṣì ṣeé wà. Ẹ rántí pé òun nìkan ló ń dé àwọn ìjọ abúlé wa méjèèjì nígbà òjò. Bọ́ọ̀sì ò lè kọjá afárá onígi yẹn. Ẹ́ńjìnnì ò dẹ́rù bà mí, bíréèkì náà ṣeé tún ṣe. Ṣáàsì ni ìbéèrè. Bàbá mẹkáníìkì á wá ní òwúrọ̀ Sátidé tó ṣáájú ìpàdé, wọ́n á fi òòlù kan ṣáàsì náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá níbi tí spíríǹgì so mọ́. Bí ó bá ń dún gbọnrangandan bí agogo, irin ṣì wà níbẹ̀. Bí òòlù bá wọlé, èmi fúnra mi ni màá pe àwọn baban bola. Aago 8 la óò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó wọ aṣọ àlòkù wá, nítorí abẹ́ ọkọ̀ la óò wà.