Owó Ìrìn-àjò fún Akẹ́kọ̀ọ́ tí Yóò Gbé Iṣẹ́ Ìṣirò Kalẹ̀ ní Àpérò

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ìwádìí gidi nínú ìmọ̀ ìṣirò, kí àwọn olùṣètò àpérò sì pè é pé kó wá gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lè parí sí Èkó níhìn-ín nítorí pé kò sí owó ọkọ̀, tàbí nítorí pé a kò tètè béèrè fún un. A kọ àlàyé yìí fún irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Yábàá, Sùúrùlérè, Muṣin àti àyíká wọn, àti fún àwọn òbí àti olùkọ́ tí ń ràn án lọ́wọ́. A ó sọ irú owó tó wà, ẹni tí ó wà fún, ohun tí a máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tọrọ rẹ̀, àti ibi tí ó ti rọrùn láti ṣìnà.

Kókó ọ̀rọ̀ ní kúkúrú

- Owó tí àjọ TETFund yà sọ́tọ̀ fún lílọ sí àpérò, òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó wà fún. Kò wà fún akẹ́kọ̀ọ́.
- Ẹ̀yáwó NELFUND wà fún owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó ìtọ́jú ara. Kò ní apá kankan fún ìrìn-àjò àpérò.
- Ilé-ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ àti àwọn olùṣètò àpérò ni ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí ó ti béèrè.
- Ọ̀pọ̀ irú owó bẹ́ẹ̀ ni a máa ń san lẹ́yìn ìrìn-àjò. Ẹni tí kò bá gba ìwé àṣẹ kí ó tó lọ lè má rí nǹkan kan gbà nígbà tí ó bá dé.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan agbègbè Mainland

Ìmọ̀ ìṣirò kì í ṣe àlejò ní agbègbè yìí. Yábàá ni Yaba Higher College wà, èyí tí a ṣí ní 1934. Ibẹ̀ náà ni a dá Yaba College of Technology sílẹ̀ sí ní 1947, kí Yunifásítì Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, tí ó sì fìdí kalẹ̀ sí Akọka. Ọ̀jọ̀gbọ́n Chike Obi, ẹni tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Cambridge ní 1950, kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Ibẹ̀ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams ti kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹ̀kọ́ ìṣirò kí ó tó di gíwá Yunifásítì Benin ní 1985, tí ó sì jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó di gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà. Àwọn méjèèjì rìnrìn-àjò jìnnà nítorí ìmọ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ òde òní pẹ̀lú lè rìn débi tí wọn yóò ti gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀, tí wọn yóò sì tọ́ ọ sọ́nà níbi tí ó bá ti kù.

Irú ìpàdé tí a ń sọ

Àpérò ni ìpàdé tí àwọn onímọ̀ ti ń ka iṣẹ́ wọn fún ara wọn. Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ Nigerian Mathematical Society àti ẹgbẹ́ Mathematical Association of Nigeria máa ń ṣe àpérò lọ́dọọdún, ìlú tí wọn yóò ti ṣe é sì máa ń yí padà. National Mathematical Centre, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, wà ní Sheda, ní agbègbè olú-ìlú Abuja, níbi tí ó ti ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìpàdé fún àwọn onímọ̀ ìṣirò. Lókè òkun, Heidelberg Laureate Forum ń wáyé ní Jámánì láti 2013, ó sì ní àyè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò àti kọ̀ǹpútà tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́.

Kí a má ṣe da àpérò pọ̀ mọ́ ìdíje. Ìdíje ni International Mathematics Competition tí ó ń wáyé ní Bulgaria, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Yunifásítì ni ó sábà máa ń fi ikọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ̀wé fún owó àpérò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní kedere pé iṣẹ́ ni òun fẹ́ lọ gbé kalẹ̀.

Owó ìjọba: ohun tó bò àti ohun tí kò bò

TETFund. Òfin 2011 ni ó gbé àjọ yìí kalẹ̀ ní irú tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ó ń ran àwọn yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ti ìjọba lọ́wọ́. Lára ìrànwọ́ rẹ̀ ni owó tí òṣìṣẹ́ fi ń lọ sí àpérò. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè tọrọ rẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Síbẹ̀, bí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ apá kan ìwádìí tí olùkọ́ rẹ̀ gba owó fún, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ náà bóyá owó ìrìn-àjò wà nínú ètò ìnáwó ìwádìí ọ̀hún. Olùkọ́ ni yóò dáhùn, nítorí òun ni yóò jíhìn owó náà.

NELFUND. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ó gbé àjọ yìí ró. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí àpò ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè fún owó ìtọ́jú ara ń gba ₦20,000 lóṣù. Ẹ̀yáwó ni, a ó sì san án padà. A kò gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti fi oúnjẹ oṣù mélòó kan ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lórí ìrètí pé ẹlòmíràn yóò dá owó náà padà fún un.

Lagos State Scholarship Board. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó ń bójú tó ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ àti bọ́sárì fún àwọn ọmọ bíbí Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ń gbé Muṣin tàbí Sùúrùlérè ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ yìí kò sí lára wọn. Ètò náà wà láti ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kì í ṣe àpò owó àpérò, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọjọ́ ìrìn-àjò rẹ̀ sí orí ọjọ́ tí bọ́sárì yóò jáde.

Bí a ṣe ń béèrè ní ilé-ẹ̀kọ́

Ọ̀dọ̀ olùkọ́ alábòójútó ni ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ìwé ń gba ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣirò lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ tó wà lókè rẹ̀, títí dé ọ́fíìsì tí ń sanwó. Ẹni tí ó bá fo olórí ẹ̀ka, tí ó gbé ìwé lọ sí ọ̀dọ̀ gíwá tààrà, yóò rí i pé wọn yóò dá ìwé náà padà sísàlẹ̀, ọjọ́ yóò sì ti lọ. Ẹ tún lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka náà, àti ẹgbẹ́ àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde.

Ìwé ìbéèrè kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ so àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́ ọn:

- lẹ́tà tí àwọn olùṣètò fi gba iṣẹ́ náà, tí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀;
- àṣamọ̀ iṣẹ́ náà, ìyẹn àkópọ̀ rẹ̀ ní ìpínrọ̀ kan;
- ẹ̀rí pé akẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, àti èsì ìdánwò rẹ̀;
- lẹ́tà olùkọ́ alábòójútó tí ó sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe gan-an nínú iṣẹ́ náà;
- àkọsílẹ̀ ìnáwó, láti orí owó ìforúkọsílẹ̀ títí dé owó ọkọ̀, ibùgbé àti oúnjẹ;
- orúkọ ibòmíràn tí a ti béèrè owó, àti iye tí wọ́n ṣèlérí.

Ẹ má ṣe fi èyí tó kẹ́yìn yìí pamọ́. Gbígba owó kan náà lọ́nà méjì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ibi gbogbo tí a ti ń fúnni ní irú owó bẹ́ẹ̀, ó sì lè ba orúkọ ẹ̀ka jẹ́ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́.

Àwọn òfin tó wọ́pọ̀

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ àti àjọ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, àwọn kan wà tí a máa ń bá pàdé níbi púpọ̀. Ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ kalẹ̀, yálà lẹ́nu tàbí lórí pósítà, ni wọ́n máa ń fún lówó ṣáájú ẹni tí ó kàn fẹ́ lọ gbọ́. Bí ènìyàn mẹ́ta bá jọ kọ iṣẹ́ kan, ẹnì kan ni wọ́n sábà máa ń san owó fún. Ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni a ń gbà. Owó ìforúkọsílẹ̀, owó ọkọ̀ àti ibùgbé ni ó máa ń wọlé. Ìnáwó fún ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí tó bá akẹ́kọ̀ọ́ lọ kì í wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí a fi kún un láti rìn kiri ìlú. Rìsíìtì ohun gbogbo ṣe pàtàkì. Níbi tí onímọ́tò kò bá ti ní rìsíìtì, ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ọkọ̀ ti gbéra, ibi tí ó dé àti iye rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì béèrè ṣáájú bóyá wọn yóò gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó wà ní ọdún ìkẹyìn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí àpérò bá bọ́ sí ẹ̀yìn ìgbà tí ó ti parí ẹ̀kọ́, wọ́n lè sọ pé kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ẹ béèrè èyí, kí ẹ sì gba ìdáhùn rẹ̀ ní kíkọ.

Owó tí a ń san padà

Níbí ni ewu tó pọ̀ jù wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye wọ̀nyí. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Muṣin ń lọ sí àpérò ní Abuja. Owó ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ ₦30,000, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ₦80,000, ibùgbé ₦60,000, oúnjẹ ₦20,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦190,000. Àwọn olùṣètò dín ìdajì owó ìforúkọsílẹ̀ kù fún un, ó ku ₦175,000. Ẹ̀ka rẹ̀ ṣèlérí ₦100,000, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó bá mú rìsíìtì dé ni wọn yóò san án.

Ọmọ yìí lè rò pé ₦75,000 ni òun ń wá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. ₦75,000 ni yóò ti àpò rẹ̀ jáde ní ìkẹyìn, ṣùgbọ́n ₦175,000 ni ó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó gbéra. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá lọ yá ìyókù lórí fóònù, èlé lè gun orí èlé kí owó ẹ̀ka tó jáde.

Nítorí náà, ẹ béèrè ohun mẹ́ta ṣáájú. Àkọ́kọ́, ṣé ilé-ẹ̀kọ́ lè san apá kan sílẹ̀? Èkejì, ṣé ó lè san owó ìforúkọsílẹ̀ àti ibùgbé tààrà fún àwọn tó ni ín, tí owó kò fi ní gba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọjá? Ẹ̀kẹta, ṣé àwọn olùṣètò lè fagi lé owó ìforúkọsílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́? Ìbéèrè kẹta yìí kò náni ju lẹ́tà kan lọ.

Nípa ọ̀nà àti ìwé ìrìnnà

Fún àpérò ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, ọkọ̀ ojú-irin ń gbéra láti ibùdó Mobolaji Johnson ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀rí ìnáwó tí kò ní àríyànjiyàn. Fún ọ̀nà jíjìn, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ akérò wà ní Jíbówú. Àwọn náà ń fúnni ní tíkẹ́ẹ̀tì tí orúkọ èrò wà lórí rẹ̀.

Lábẹ́ àdéhùn ECOWAS ti 1979, ọmọ Nàìjíríà lè wọ orílẹ̀-èdè Benin, Tógò tàbí Gánà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti yẹ́lò káàdì, ìyẹn ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Fún Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, físà ni ọ̀rọ̀. Owó tí a san fún físà kì í padà bí wọn kò bá fún ni, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń fúnni lówó bóyá yóò ru ìnáwó náà. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ owó ìrìn-àjò tí àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ìṣirò ní Amẹ́ríkà ń fún akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ti àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ẹ ka ìlà tó sọ ẹni tó lè béèrè kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Ètò àkókò

Oṣù mẹ́fà ṣáájú: ẹ yan àpérò pẹ̀lú olùkọ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìwé ìrìnnà bí ó bá jẹ́ òkè òkun. Oṣù mẹ́rin: ẹ fi àṣamọ̀ ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ fún olórí ẹ̀ka pé ìbéèrè owó ń bọ̀. Ẹ má ṣe dúró de lẹ́tà ìgbàwọlé kí ẹ tó sọ ọ́. Ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé: ẹ gbé ìwé ìbéèrè wọlé, kí wọ́n sì bu ọwọ́ lu ẹ̀dà tí ẹ ó mú lọ. Oṣù kan: ẹ gba ìdáhùn ní kíkọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹ bá dé: ẹ fi rìsíìtì àti ìjábọ̀ ṣókí sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àpérò èké

Bí lẹ́tà ìkíni bá dé láìjẹ́ pé ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́, tí wọ́n gba àṣamọ̀ lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n sì ń kánjú pé kí ẹ san owó sí àkáǹtì ẹnì kan, ẹ má san án. Ẹ gbé lẹ́tà náà tọ olùkọ́ lọ. Onímọ̀ ìṣirò yóò tètè mọ̀ bóyá ojúgbà òun kankan wà nínú ìgbìmọ̀ tí wọ́n dárúkọ.

Bí owó kò bá jáde

Ẹ kọ̀wé sí àwọn olùṣètò kí ọjọ́ tó pé. Wọ́n lè gbà kí ẹ sọ̀rọ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí olùkọ́ tí ẹ jọ kọ iṣẹ́ náà gbé e kalẹ̀ ní orúkọ yín. Ẹni tó kọ̀wé pé òun kò lè wá ti pa ilẹ̀kùn ọdún tí ń bọ̀ mọ́ ní ṣíṣí. Ẹni tó dákẹ́ tí kò sì yọjú, wọn yóò rántí orúkọ rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí.