Òwu Kì í Ṣe Ẹ̀ka Ẹ̀gbá

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìtàn Abẹ́òkúta ni kíka Òwu mọ́ Ẹ̀gbá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti àwọn ẹ̀ka Ẹ̀gbá, ìyẹn Aláké, Òkè-Ọnà àti Gbágùrá. Nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀, ọmọ tí àkọ́bí obìnrin Odùduwà bí ni Olówu àkọ́kọ́, ẹkún ló sì fi gba adé lọ́wọ́ bàbá ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè jiyàn lórí ẹkún náà. Èyí tó ṣe kókó ni pé Òwu kò fìgbà kan sọ pé ọwọ́ Ẹ̀gbá ni òun ti gba adé. Kẹ́kẹ́ Òwu sì dá yàtọ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ọ̀nà tí àwọn Òwu gbà dé àárín Ẹ̀gbá gan-an ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Òrìlé-Òwu wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí. Wọ́n máa ń sọ pé ìjà lórí ataare ní ọjà Àpòmù ló dá ogun rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà ti wà nílẹ̀ ṣáájú: wọ́n ń jí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ gbé tà ní Àpòmù, Olówu sì ti kó ogun ja àwọn ìlú Ifẹ̀ nítorí rẹ̀. Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú parapọ̀, àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì dó ti ìlú náà títí ebi fi mú àwọn ará Òwu jẹ pòpòǹdó, ẹ̀wà tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1820 sí 1830 ni Òwu fọ́.

Ìkijà, ìlú Ẹ̀gbá kan, ló ń fi oúnjẹ ran Òwu lọ́wọ́. Nítorí èyí ni ogun náà ṣe yí sí i, tí wọ́n sì pa á run. Láti ibẹ̀ ni ìparun àwọn ìlú Ẹ̀gbá yòókù ti bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò tó ran ara wọn lọ́wọ́ nígbà ìṣòro ni Òwu àti Ẹ̀gbá, kì í ṣe ẹbí.

Lẹ́yìn ìparun náà, ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, kó Ẹ̀gbá dé Abẹ́òkúta. Òwu kò dé títí di 1834. Nígbà tí Okukẹ́nù jẹ Aláké ní 1854, Òwu kò fi adé tirẹ̀ sílẹ̀: Pàwú jẹ Olówu ní ọdún kejì. Ohun tó gbin àṣìṣe náà ni ìjọba tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1898, tó ń jẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá, tó sì fi Aláké ṣe olórí gbogbo ìlú títí di 1914. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ìta ti ń pe gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta ní Ẹ̀gbá.

Òwu wà ní Ìjẹ̀bú náà, ó sì wà ní Ìsin ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Kò sí ẹni tó pe àwọn wọ̀nyẹn ní Ẹ̀gbá. Òrìlé-Òwu alára sì ní Olówu tirẹ̀ títí di òní.