Ṣéènì Alùpùpù àti Ẹrù Tí Ó Ń Gbé

Bí ẹ bá dé Ganhi ní Kútọnù, níbi tí ilé ìtajà àti báǹkì pọ̀ sí, ẹ ó rí àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní zémidjan. Èdè Fọ̀n ni orúkọ yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, gbé mi kíákíá. Ẹ wo ṣéènì tí ń yí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn. Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́ ju tiwọn lọ.

Ní ọdún 1880, Hans Renold, ọmọ Swítsálàndì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba àṣẹ ìjọba lórí irú ṣéènì tí a ṣì ń lò títí di òní. Kẹ̀kẹ́ ológeere lò ó, alùpùpù náà sì lò ó. Táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kì í lọ sókè sódò; bí a bá ti fa ṣéènì rẹ̀ tó, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́ rí. Lẹ́yìn ogun tí ó parí ní 1945 ni ó wá di àṣà láti so táyà ẹ̀yìn mọ́ apá irin tí ń lọ sókè sódò, tí ṣọ́ọ̀kù sì gbé ró. Ara tu ẹni tí ń gùn ún, ṣùgbọ́n ìyọnu dé bá ṣéènì.

Kí ló fà á? Oríkèé apá yìí kò sí lójú kan náà pẹ̀lú irin eléyín tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì. Bí ẹrù bá ti ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, táyà ẹ̀yìn a máa jìnnà sí irin eléyín náà díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ó jìnnà jù ni ìgbà tí irin eléyín, oríkèé apá àti àárín táyà bá wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Ṣéènì kì í sì í fà bí rọ́bà.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, owó tán lápò ìjọba Bẹ̀nẹ̀. Ní 1989, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń retí owó oṣù tí kò dé. Àwọn tí kò ríṣẹ́ bọ́ sórí alùpùpù. Ọkọ̀ tí a ṣe fún ènìyàn méjì wá ń gbé ìyá ọlọ́jà, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ àti àpò ìrẹsì. Ṣéènì tí a fà le nígbà tí ọkọ̀ ṣófo lè já lábẹ́ ẹrù bẹ́ẹ̀. Ó lè wé mọ́ táyà láàárín ọkọ̀ ńlá. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn lè dà.

Àwọn mìíràn tún ń fi ṣọ́ọ̀kù kúkúrú pààrọ̀ ti tẹ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ wọn lè tólẹ̀. Ìwọ̀n tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀ kò bá a mu mọ́ nìyẹn. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tú ìdí ṣọ́ọ̀kù, kí ó gbé táyà títí ohun mẹ́ta yẹn yóò fi wà lórí ìlà kan. Kí ó yí táyà, kí ó wá ibi tí ṣéènì ti le jù. Níbẹ̀ gan-an ni kí ó ti dẹ̀ díẹ̀. Kí ó fa ọ̀tún àti òsì dọ́gba, kí ó sì dè nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Lẹ́yìn tí ó bá ti dá ṣọ́ọ̀kù padà, ẹ fi rúlà wọn bí ṣéènì ṣe ń lọ sókè sódò tó nígbà tí ọkọ̀ ṣófo. Ìwọ̀n tuntun ti ọkọ̀ yín nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i.