Ìtàn Nọ́ńbà 147,573,952,589,676,412,927

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Nínú ìmọ̀ ìṣirò, àṣìṣe kan wà tí ó lọ ju ogún ọdún lọ dáadáa.

Ẹ kọ 2 sílẹ̀ ní ìgbà 67, ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀, kí ẹ wá yọ 1 kúrò. Nọ́ńbà òkè yìí ni ẹ ó rí, díjíìtì 21. Ṣé práìmù ni? Ìyẹn ni pé, ṣé kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀?

Ní ọdún 1644, Marin Mersenne, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé kan jáde, ó sì ka nọ́ńbà yìí mọ́ àwọn práìmù. Kò fi ẹ̀rí tì í. Ṣùgbọ́n èèyàn ńlá ni. Òun ni àwọn onímọ̀ káàkiri Yúróòpù ń kọ lẹ́tà sí. Nọ́ńbà náà sì tóbi ju ohun tí a lè tètè fi ọwọ́ dán wò lọ. Ọ̀rọ̀ náà dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún 232.

Ní 1876, Édouard Lucas, ọmọ Faransé bíi ti Mersenne, fi ọ̀nà tuntun hàn pé nọ́ńbà náà kì í ṣe práìmù. Àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ kò sọ ohun tó pín in. Ó dà bí ìgbà tí a mọ̀ dájú pé olè wọlé, tí a kò sì rí ojú rẹ̀.

Ní oṣù Ọ̀wàrà 1903, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò Amẹ́ríkà ní New York, Frank Nelson Cole mú olè náà jáde:

193,707,721 × 761,838,257,287.

E. T. Bell kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé Cole kò la ẹnu rárá lọ́jọ́ náà, pé ojú pátákó nìkan ló ti ṣe ìṣirò náà, àti pé ọjọ́ Àìkú ọdún mẹ́ta ló fi wá a. Nǹkan bí ọdún 50 lẹ́yìn ìpàdé náà ni Bell kọ ìtàn yìí, nítorí náà a kò ní fi gbogbo ara gbé e. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà méjèèjì yẹn kò nílò ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá ní bírò, bébà àti sùúrù lè sọ wọ́n di púpọ̀ kó sì fojú ara rẹ̀ rí i.

Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé Mersenne wò tán, 257 tí ó kà mọ́ wọn kì í ṣe ara wọn, ó sì fo 61, 89 àti 107.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà máa ń ṣe irú èyí. Ohun tó bá ti wà nínú ìwé tí olùkọ́ pín fún wa, a ó há a sórí, a ó dà á sínú ìdánwò, ó parí. A lè bọ̀wọ̀ fún olùkọ́, ká sì tún yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Mersenne kò di ẹni yẹ̀yẹ́ nítorí àṣìṣe yìí. Orúkọ rẹ̀ ni a ṣì fi ń pe irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ títí dòní.