Lamhi: Abúlé Òǹkọ̀wé Elédè Méjì

Àwọn àgbà ní ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1880, a bí ọmọkùnrin kan ní Lamhi, abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú Varanasi ní ilẹ̀ Íńdíà. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni bàbá rẹ̀. Dhanpat ni wọ́n sọ ọ́, èyí tí ó túmọ̀ sí olówó. Owó kò fìgbà kan pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ mìíràn, Premchand, ni ayé sì fi mọ̀ ọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí nígbà kan pé, ‘Ọ̀gá, òǹkọ̀wé Híńdì ni tàbí ti Úrúdù?’ Ìbéèrè yìí ti dá iyàn sílẹ̀ láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé. Lójú tèmi, Lamhi ni ó yẹ kí a ti wá ìdáhùn rẹ̀.

Èdè méjèèjì jọra púpọ̀ lẹ́nu. Lẹ́tà Devanagari ni a fi ń kọ Híńdì. Lẹ́tà tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá àti Páṣíà wá ni a fi ń kọ Úrúdù. Nígbà tí sẹ́ńtúrì 19 ń lọ sópin, àwọn kan ti ń ka ọ̀kan sí ti ẹlẹ́sìn Híńdù, èkejì sí ti Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àfáà ni Dhanpat, ọmọ ẹlẹ́sìn Híńdù, ti kọ́ Úrúdù àti èdè Páṣíà. Èyí kì í ṣe èèmọ̀ nínú ìran rẹ̀, ìran akọ̀wé. Èdè Bhojpuri sì ni àwọn ará agbègbè náà ń sọ nínú ilé.

Úrúdù ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ, tí ó ń jẹ́ Nawab Rai. Ní ọdún 1908 ó tẹ Soz-e-Watan jáde, ìtàn márùn-ún tí ó kún fún ìfẹ́ ilẹ̀ baba ẹni. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí òun fúnra rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, gba ìwé náà, wọ́n sì dáná sun ún. Orúkọ Nawab Rai kò ṣe é lò mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Daya Narayan Nigam, olóòtú ìwé ìròyìn Zamana, ni ó dábàá Premchand fún un ní ọdún 1910.

Nígbà tí ó yá, ó yíjú sí Híńdì, nítorí pé atẹ̀wétà Úrúdù ṣọ̀wọ́n. Úrúdù ni ó kọ́kọ́ fi kọ Sevasadan, síbẹ̀ ti Híńdì jáde ní 1919, ti Úrúdù di 1924. Godan, ìtàn àgbẹ̀ kan tí ó fẹ́ ní màlúù kan ṣoṣo tí gbèsè sì pa á kú, jáde ní 1936. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni Premchand papò dà.

Ní 1947 wọ́n pín ilẹ̀ náà sí Íńdíà àti Pakistan, ìyapa èdè méjèèjì sì le sí i. Èmi tí mò ń kọ́ni ní Yorùbá kò lè fojú kékeré wo èyí, nítorí pé àwọn Mùsùlùmí tiwa náà ti fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, a kò sì torí rẹ̀ pín èdè náà sí méjì.

Ìdáhùn mi fún akẹ́kọ̀ọ́ náà ni pé àwọn méjèèjì ni ó ni ín. Gbèsè àgbẹ̀ tí Premchand kọ nípa rẹ̀ kò mọ lẹ́tà kankan yàtọ̀. Ní Lamhi, ní ọjọ́ 31 oṣù Keje lọ́dọọdún, àwọn ènìyàn ṣì máa ń péjọ láti ṣèrántí rẹ̀.