Sísùn nínú ọkọ̀ lójú ìrìn-àjò

Sísùn nínú ọkọ̀ lójú ìrìn-àjò ni kí arìnrìn-àjò fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ilé: inú rẹ̀ ni ó ń sùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ti ń dáná, inú rẹ̀ náà ni ó sì ń kó ẹrù sí. Oríṣi méjì ni. Àwọn kan ń ṣe é fún ìgbafẹ́, kí wọ́n lè wo àwọn ibi ẹlẹ́wà lójú ọ̀nà láìwá ilé ìtura kiri. Iṣẹ́ ni ó sọ ọ́ di dandan fún àwọn mìíràn, pàápàá àwọn awakọ̀ àjàgbé. Ìdí tí oríṣi méjèèjì fi ń sùn sínú ọkọ̀ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n nílò: ibi ìgúnlẹ̀ tí kò léwu, omi, àti afẹ́fẹ́ tí ó mọ́.

Ní Ìkẹjà àti Agége

Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn ni ó dá ibùdó iléeṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ilé ọtí Guinness bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1962, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn sì wà ní Ògbà, Agídíngbì àti ojú ọ̀nà Ọba Akran. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé ni ó ń kó ohun èlò wá fún wọn, tí wọ́n sì ń kó ọjà wọn lọ. Òfin ìrìnnà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2012 kò gba tírélà láyè láti rìn nínú ìlú láti aago 6 àárọ̀ sí aago 9 alẹ́, àyàfi ọkọ̀ agbépo àti bọ́ọ̀sì ńlá akérò. Nítorí náà, awakọ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́ bá ní láti dúró de alẹ́. Ẹni tí ó bá sì dé lóru ní láti dúró kí iléeṣẹ́ tó ṣílẹ̀kùn. Inú ọkọ̀ ni awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ ti ń dúró. Ọ̀kan lè sùn sórí ìjókòó iwájú, kí èkejì tẹ́ ẹní sórí ẹrù tàbí sábẹ́ ọkọ̀ láti ṣọ́ ọjà.

Àwọn arìnrìn-àjò olókìkí

Moshood Ọlábísí Àjàlá rin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè já lórí alùpùpù ní àwọn ọdún 1950 sí 1960. Ó kọ ìtàn ìrìn-àjò náà sínú ìwé An African Abroad, tí ó jáde ní ọdún 1963. Láti ìgbà náà ni àwọn Yorùbá ti ń pe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé ní Àjàlá.

Ní ọdún 1966, Newton Jibunoh wa ọkọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó, ó sì la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ohun tí ó rí lọ́nà náà wà lára ohun tí ó mú kí ó dá àjọ FADE sílẹ̀ lẹ́yìn náà, láti gbógun ti bí aṣálẹ̀ ṣe ń gba ilẹ̀ oko. Ní òpin oṣù Kìíní ọdún 2024, Pelumi Nubi gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù nínú ọkọ̀ kékeré Peugeot 107. Jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i ní Côte d'Ivoire, ṣùgbọ́n ó dé Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún náà.

Ọ̀nà Ìkẹjà sí Abẹ́òkúta

Ọ̀nà yìí kò tó 100 kìlómítà, ó sì yẹ ẹni tí ó fẹ́ dán irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ wò fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gba ìtòsí Agége lọ sí Ìyánà-Ìpájà, Abúlé-Ẹ̀gbá àti Sángò-Ọ̀tà, kí ó tó kan Ifọ̀, Pápálantò àti Ewékorò. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe símẹ́ńtì ní Ewékorò láti inú òkúta ẹfun tí ó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Bí a bá ti ń súnmọ́ Abẹ́òkúta ni àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí. Olúmọ, tí àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ibi ààbò nígbà ogun, ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Nǹkan bí mítà 137 ni ó fi ga ju ìtẹ́jú òkun lọ.

Ìrìn-àjò kọjá ẹnubodè

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ jìnnà lè gba ọ̀nà etíkun láti Èkó dé Abidjan. Ọ̀nà náà lé ní 1,000 kìlómítà, ó sì gba Benin, Togo àti Ghana kọjá. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan ní ẹ̀tọ́ láti lo 90 ọjọ́ ní òmíràn láìgba físà. Àdéhùn ọdún 1982 ni ó dá ìwé adójútòfò ọkọ̀ tí a ń pè ní Brown Card sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣe ẹlòmíràn léṣe ní orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ètò náà, ìwé yìí ni a fi ń san owó ìtanràn fún ẹni tí ó fara pa.

Ewu àti ìdáàbòbò

Ewu tí ó burú jù kì í ṣe olè, bí kò ṣe gáàsì carbon monoxide. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀yinná èédú ni ó ń tú u jáde. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí ènìyàn bá mí i símú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200, ara kò sì ní rí ọ́síjìn lò mọ́. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti sùn lè má mọ̀ rárá títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a sùn nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, tàbí kí a gbé ìkòkò iná sínú ọkọ̀ nítorí òtútù ọyẹ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan, kí a kọ́kọ́ gbé e jáde sí gbangba, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìfi falẹ̀.

Ó yẹ kí gíláàsì fèrèsé ṣí sílẹ̀ díẹ̀, kí a sì fi àwọ̀n bò ó nítorí ẹ̀fọn tí ó ń fa ibà. Kò yẹ kí a gúnlẹ̀ sí etí títì márosẹ̀, níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti lè kọlu èyí tí ó dúró. Ọgbà ilé epo tàbí ti ilé ìtura, tí a ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, ni ó sàn jù.