Ayétòrò: Ìtàn Apẹja ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìtàn ìlú lára ògiri kò ní rí púpọ̀ kà ní etí òkun Ìlàjẹ. Igi àti pákó ni wọ́n fi ń kọ́lé sórí omi níbẹ̀, irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́. Nígbà tí a ṣe àbẹ̀wò sí Ayétòrò ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, a ṣàkíyèsí pé ọwọ́ àti ẹnu àwọn ènìyàn ni ìtàn wọn wà.

Ní ọdún 1947 ni àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó. Àpò kan ni gbogbo wọn ń ná: ohun tí apẹja bá pa, ti ìlú ni, ìlú ni ó sì ń bọ́ olúkúlùkù. Ní 1968 ni wọ́n tó gbà kí kálukú máa ṣe tirẹ̀.

Lóde òní, òkun ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ, àwọn ènìyàn sì ń ṣí sẹ́yìn. Síbẹ̀, a rí àwọn ọkùnrin tí ń tún àwọ̀n ṣe, a sì rí àwọn obìnrin tí ń yan ẹja, tí wọ́n ń sá edé.

Orúkọ tí ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ fún ẹja, ìgbì àti afẹ́fẹ́ wà nínú iṣẹ́ yìí. Bí àwọn apẹja bá tú ká, ta ni yóò máa pè wọ́n? Ó yẹ kí àwa olùkọ́ Yorùbá mú ìwé lọ bá àwọn àgbà ibẹ̀ nísinsìnyí.